Abẹ́rẹ́ Òtútù Àyà ní Ìdí Òfì Wa

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kọkànlá 2025

Waheedat ọmọ mi ra ìwé wá. Ó ní ọ̀rọ̀ tí mò ń dá sọ fún ògiri láti ìgbà tí ìyá òun ti kú, kí n máa sọ ọ́ fún òun lẹ́yìn ìrun àsárì, òun á máa kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní kò sí. Ó dáa. N ò mọ̀wé. Òfì nìkan lọ́wọ́ mi mọ̀, ó lé ní ọgọ́ta ọdún.

Ládòkun ni mí. Ìsẹ́yìn nilé mi. Àwáwù, ìyàwó mi, kú nínú ọyẹ́ oṣù kìíní ọdún tó kọjá. Òtútù àyà. Ọjọ́ márùn-ún péré. Waheedat wà nílé ọkọ ní Ṣakí nígbà náà. Ó ti padà wá jókòó tì mí báyìí. N ò bẹ̀ ẹ́.

Ohun tó bí mi nínú lónìí nìyí. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò wa wá sí ìdí òfì. Fẹ́yìsetán lorúkọ rẹ̀. Oníkúlà lèmi ń pè é, nítorí kúlà búlúù kan, àpótí tó ń mú abẹ́rẹ́ tutù, kì í kúrò léjìká rẹ̀. Ó ní abẹ́rẹ́ àjẹsára òtútù àyà ti dé fún àwọn àgbà, ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti kó o wá, ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni wọ́n fún òun láti fi gún un. Ó ní kòkòrò kan wà tó máa ń sá pamọ́ sí imú àti ọ̀fun èèyàn, kò ní í ṣe nǹkan kan. Tí ara bá ti gbó, tí ọyẹ́ dé, á sọ̀kalẹ̀ lọ bá ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní kí àwa tí eruku òwú ti ń wọ̀ nímú láti kékeré má fi ṣeré.

Ọ̀rọ̀ náà dáa. Ibi tó ti sọ ọ́ ni kò dáa. Ìdí òfì Ògúndìran ló kúnlẹ̀ sí. Ó ń pè é ní "Bàbá mi dáadáa, Bàbá mi dáadáa." Òfì tèmi ló tẹ̀ lé e, ìgbọ̀nwọ́ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan an. Èmi, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ó sì kọjá bí ẹni tó ń kọjá lára ajá tó ti bù ú jẹ rí.

Aláya ni mò ń pe Ògúndìran nínú ara mi. Kò mọ̀. A jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà, a jọ gbéyàwó láàárín ọdún kan. Tirẹ̀ wà láyé. Àdìjátù. Ó ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Tèmi, kò sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ kankan dé ojú ilé yìí nígbà tó yẹ. Kọ ìyẹn dáadáa. Kò sẹ́nikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kọkànlá

Àdìjátù gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún Aláya. Ó kọ́kọ́ fi ìka kàn án wò bóyá ó ti tutù tó. Gàrí ni mo mu.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kọkànlá

Oníkúlà lọ sí ilé Aláya láàárọ̀. Aláya fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn ní ìdí òfì, ẹ̀rín ń pa á.

Ó ní Oníkúlà lé òun jáde nínú àgbàlá ara òun. Òun ní, "Ṣebí èmi lọkọ, bi mí, màá dá ẹ lóhùn." Ó ní, "Bàbá mi dáadáa, ẹ̀yin náà á dáhùn tiyín tó bá kàn yín. Apá Ìyá ni mo fẹ́ gún, ẹnu Ìyá ni mo fẹ́ gbọ́." Àdìjátù bi í léèrè títí. Ṣé apá á wú? Á dùn ún fún ọjọ́ kan tàbí méjì, ó sì lè mú ibà díẹ̀ wá, á lọ. Ṣé òun lè gbà á tòun ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ lè gbà á. Ṣé lọ́dọọdún ni? Ẹ̀ẹ̀kan ni. Ṣé kò ní jẹ́ kí òtútù àyà mú òun mọ́ láéláé? Ó ní òun ò ní parọ́ fún un, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń dí, àmọ́ èyí tó ń pa àgbà jù ló ń bá jà.

Samsudeen láti òfì kejì ní, "Àdìjátù kan náà yìí? Nígbà tí o fẹ́ fẹ́ ẹ, kò bi ọ́ ní ìbéèrè kan ṣoṣo." Aláya ní, "Ìdí nìyẹn tó fi ń kábàámọ̀." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà ṣí eyín.

Wọ́n ti gún Àdìjátù. Aláya fúnra rẹ̀ ní kátá àti ibà díẹ̀, Oníkúlà ní kó jẹ́ kó lọ ná, kó wá gba tirẹ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Lọ́sàn-án, Àdìjátù wá. Mo rí òwú funfun kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ apá òsì rẹ̀. N ò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá Waheedat, ẹ̀yin ńkọ́?" Mo ní iṣẹ́ ń bẹ lọ́wọ́ mi. Obìnrin yẹn á rí òpin ọyẹ́ yìí. Aláya á sì rí i. Wọ́n á jọ jókòó síbẹ̀ méjèèjì, wọ́n á máa fi ìka kan ẹ̀kọ.

Ìlara ni. Waheedat ní ṣé kí òun kọ ìlara. Kọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kọkànlá

Ètè mi ti ń sán. Ọyẹ́ ọdún yìí kò dúró de oṣù Ọ̀pẹ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kọkànlá

Mo bá Aláya sọ ọ̀rọ̀ kan lónìí, àwa méjì péré. N ò ní sọ ọ́ síbí.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kọkànlá

Aláya kò gba abẹ́rẹ́.

Oníkúlà dé pẹ̀lú kúlà rẹ̀. Ó bi í nípa ibà, ó ti lọ. Kátá ti lọ. Ó na ọwọ́ sí i pé kó jẹ́ kí àwọn lọ síbi òjìji. Aláya kò dìde, ó tún mú òwú rẹ̀. Ó wá ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀." Oníkúlà ní kí ló dé. Ó ní kò sí. Oníkúlà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun á tún padà wá, kó ronú sí i. Kò bínú. Ó wo èmi kó tó lọ.

Ẹ̀rù ti ba Aláya. Mo rí i lójú rẹ̀. Láti ọdún tó kọjá, èmi nìkan ni mò ń gbé ẹrù tí mò ń gbé. A ti di méjì báyìí. Inú mi dùn. Má pa ìyẹn rẹ́, Waheedat. Mo ní inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kọkànlá

Samsudeen bi mí pé kí ló ṣe Aláya tí kò gba abẹ́rẹ́, pé òun náà ti fẹ́ lọ gbà á. Mo sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un. Ó rọrùn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kọkànlá

Waheedat fẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀. Ó di ìwé mú bí ọlọ́pàá.

Ó lọ sọ́jà láàárọ̀. Ìyàwó Samsudeen pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù lẹ́ẹ̀kan sí i o. A ò mọ̀ pé abẹ́rẹ́ nọ́ọ̀sì yìí ló pa Màmá. Bàbá yín ti sọ ọ́ fún ọkọ mi." Waheedat kò ra ata. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ tààrà. Ó bá Oníkúlà láàárín àwọn abiyamọ. Ó ní, "O pa ìyá mi, o sì ń gbé kúlà kiri ìlú." Ó sọ èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò fẹ́ kọ ọ́. Àwọn abiyamọ kan gbé ọmọ wọn pọ̀n, wọ́n jáde.

Ó ní ọmọbìnrin náà kàn dúró síbẹ̀, abẹ́rẹ́ ọmọ kékeré lọ́wọ́ rẹ̀. Kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ́jísítà wa, a kì í kà á lójú ọjà. Ẹ lọ bi Bàbá."

Ó wá bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní wọ́n gún ìyá rẹ̀, ó sì kú.

Ó kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé padà sẹ́yìn, ó kà á sí mi létí: kò sẹ́ni tó gbé abẹ́rẹ́ kankan dé ojú ilé yìí. Kò sẹ́nikẹ́ni. Ó ní, "Ẹni tí kò wá, báwo ló ṣe gún Màmá?"

Mo ní ìwé ò mọ nǹkan kan. N ò mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá sọ lọ́jọ́ Ajé lè jókòó síbẹ̀ kó máa dúró de èèyàn di ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kọkànlá

Ó kọ̀ láti kọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gbé oúnjẹ wá, ó ń gbé abọ́ lọ. Lónìí ó mú kálámù wá, ó jókòó. Mo mọ ohun tó ń dúró dè.

Irọ́ ni. Èyí tí mo sọ fún Ògúndìran, tí mo tún sọ fún Samsudeen, irọ́ ni. Kò sí abẹ́rẹ́ tó kan ara Àwáwù. Èyí tí mo ní kí o kọ lọ́jọ́ kìíní náà, irọ́ ni.

Wọ́n gbé e wá. Oṣù kọkànlá bí irú èyí, ọdún 2023. Díẹ̀ ni wọ́n kó wá nígbà náà. Oníkúlà yìí kan náà ló wá. Mò ń hun aṣọ ìyàwó kan tí wọ́n fẹ́ wá gbà lọ́jọ́ kejì, òwú ti lọ́ mọ́ra, inú ń bí mi. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí: ẹni tó bá fẹ́ bá obìnrin ilé sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ kí ọkọ ní ìdí òfì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àti Ìyá, orúkọ yín wà lára àwọn tó yẹ kó gba abẹ́rẹ́ òtútù àyà." Mo ní, "Kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn nílé mi. A ò gba nǹkan kan. Má tún gbé e dé ìdí òfì mi." Ó ní ṣé kí òun wọlé bi Ìyá. Mo ní, "Èmi ti dáhùn. Ṣé etí rẹ di ni?"

Ó dìde. Ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó lọ.

Àwáwù wà nínú àgbàlá ilé wa, lẹ́yìn ògiri ìdí òfì, ó ń ká òwú. N ò sọ fún un. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. N ò rí i bí ohun tó yẹ kí n sọ fún un. Oṣù kejì sí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́. Ó ní ẹ̀gbẹ́ ń gún òun. Mo ní kó fi àdí pa á. Lọ́jọ́ kẹrin kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó parí rẹ̀ láìmí. Lọ́jọ́ karùn-ún, o mọ ìyókù. O dé láti Ṣakí nígbà tí a ti sin ín.

Kò mọ̀ pé wọ́n gbé e wá. Ìyẹn nìkan ló ń jẹ́ kí n lè sùn. Ó kú láìmọ̀.

Kọ ọ́. Má dá kálámù dúró.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kọkànlá

Kò kí mi láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó láti kọ̀wé. Mo ní ṣé ó ń bínú. Ó ní, "Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kí n kọ." Mo ní kò sí. Ó ní òun á máa kọ ọ́ lójoojúmọ́ títí màá fi sọ ọ́ fún àwọn tó yẹ kí n sọ ọ́ fún, lẹ́yìn ìyẹn òun á mọ̀ bóyá òun á padà sí Ṣakí.

Ọjọ́ Jímọ̀, 21 Oṣù Kọkànlá

N ò sọ ọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kọkànlá

N ò sọ ọ́. Àdìjátù ń fi ọwọ́ gbọn eruku lára fìlà Aláya. Ta ló ní kí wọ́n máa ṣe irú ìyẹn níta?

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ bá Oníkúlà. Waheedat tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Oníkúlà gbé àga fún mi. Mo ní kó ka ohun tó kọ lọ́jọ́ yẹn sí mi létí. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ìyàwó mi ni. Ó wá ìwé kan tí igun rẹ̀ ti ya jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó kà á: Àwáwù Ládòkun. Ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin. Ọkọ ló dáhùn pé rárá. A kò bá a sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ fún Waheedat lójú gbogbo ayé nígbà tó ń bú u. Ó ní ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu òun. Ó ní, "Bàbá, èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, èmi ló ni ín. Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tó ni apá ló ni ìdáhùn. Ohùn yín dẹ́rù bà mí, mo sì lọ. Láti ọjọ́ tí mo gbọ́ pé Ìyá kú, n ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá ẹlòmíràn dáhùn mọ́, ì báà jẹ́ ọkọ, ì báà jẹ́ ọmọ."

Mo rò pé ó máa bú mi. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Ó ní àwọn àgbà mẹ́jọ ni kò wá mọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi ti dé ọjà, kúlà á sì padà sí Ìbàdàn ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó ní, "Tí èmi bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní mò ń gbèjà ara mi ni. Ẹ̀yin ni wọ́n á gbọ́."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kọkànlá

Mo jókòó ti Aláya láti àárọ̀ di ọ̀sán. Ó ń hun aṣọ, mò ń hun aṣọ. Mo la ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní, "Kí ni?" Mo ní òwú búlúù ti tán lọ́wọ́ mi. Ó fún mi ní tirẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀, 28 Oṣù Kọkànlá

Aláya kò wá síbi iṣẹ́. Wọ́n ní ikọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 29 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo gbọ́ ikọ́ náà láti ìta. Mo mọ ikọ́ yẹn. Mo padà sílé.

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kejìlá

Àdìjátù fúnra rẹ̀ ló sáré wá pè mí láàárọ̀, láìwọ bàtà. "Bàbá Waheedat, ẹ gbà mí, ọ̀rẹ́ yín ò lè mí." Mo bá a lórí ẹní, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mú, ètè rẹ̀ ti dúdú. Àdìjátù ní kí òun fi àdí pa á. Mo pariwo mọ́ ọn pé rárá. N kì í pariwo mọ́ ìyàwó ẹlòmíràn. Mo ní kó má fi nǹkan kan pa á, kó pe Oníkúlà.

Oníkúlà dé. Ó gbé ọwọ́ lé àyà rẹ̀, ó ń wo aago, ó ń ka mímí rẹ̀. Ó ní ó yá jù, ilé ìwòsàn ńlá ni, kì í ṣe ọ̀la. Ọkọ̀ aládùúgbò ló gbé wọn lọ. Oníkúlà ló di orí rẹ̀ mú lẹ́yìn ọkọ̀. Àdìjátù wọlé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kó tó wọlé ó wò mí, ó ní, "Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí n fi òun sílẹ̀, ó nídìí."

Mo mọ ìdí náà.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti wo obìnrin yẹn, tí mo sì rò ó nínú ara mi pé kí ló ní tí Àwáwù kò ní. Tí mo bá sọ òun náà di opó, kí ni màá wá máa wò?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kejìlá

Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú. Kò tíì la ojú dáadáa.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kejìlá

Mo sọ ọ́. Ní ìdí òfì, láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan òwú. Mo ní ẹ dúró ná. Mo ní wọn ò gún Àwáwù. Wọ́n gbé abẹ́rẹ́ wá, èmi ni mo dá wọn padà, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ní ìlara ló mú mi parọ́, pé ara Àdìjátù le, pé mo fẹ́ kí ẹ̀rù ba ọkọ rẹ̀.

Samsudeen tutọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin bíi tìrẹ, irú irọ́ yìí." Ìyẹn nìkan. Ó mú fìlà rẹ̀, ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ. Àwọn méjì tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n kẹ́yìn sí mi.

Mo lọ lọ́sàn-án. Mo tò sẹ́yìn wọn, mo dúró nínú oòrùn. Nígbà tó kàn mí, Oníkúlà bi mí bíi pé kò mọ̀ mí rí: orúkọ, ọdún, ṣé ibà wà lára, ṣé abẹ́rẹ́ kan ti bá mi jà rí, ṣé mo fẹ́ ẹ. Mo ní mo fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ náà kò dùn mí rárá. Mo ti rò pé ó máa dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kejìlá

Kúlà ti padà sí Ìbàdàn. Nínú àwọn mẹ́jọ, márùn-ún ti gbà á. Àwọn mẹ́ta ní irọ́ mi kejì ni mò ń pa.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kejìlá

Aláya mu ògì. Síbí mẹ́ta. Waheedat ló lọ wò ó, ó wá sọ fún mi. Èmi kò tíì lọ.

Ọjọ́rú, 10 Oṣù Kejìlá

Wọ́n ti gbé e wálé.

Ọjọ́ Jímọ̀, 12 Oṣù Kejìlá

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo lọ. Àdìjátù jókòó tì í. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ ní ìdí òfì, gbogbo ìlú ti gbọ́. Ó dìde, kò kí mi, ó bọ́ síta. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ ìkélé.

Ògúndìran ti rù. N ò ní pè é ní Aláya mọ́ nínú ìwé yìí. Mo ní, "Mo parọ́ fún ọ." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní ta ló sọ fún un, ṣé Samsudeen ni. Ó ní, "Mo mọ̀ lọ́jọ́ tí o pa á. Mo gbọ́ nígbà tí o lé ọmọ yẹn lọ lọ́jọ́sí. Má tún un sọ, á rẹ̀ mí."

Mo ní kò lè gbọ́ ọ. Mo ní kò sí ní ìdí òfì lọ́jọ́ náà, mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, òfì rẹ̀ ṣófo.

Ó ní, "Ìdí òkúta rẹ ni mo wà."

Waheedat, ẹni tó bá máa kà á lè má mọ̀: òwú òfì gùn, a máa ń nà án jáde lọ sí ìta jìnnà, a ó gbé òkúta lé ìdí rẹ̀ kó lè le. Ògúndìran ní òwú mi lọ́ lọ́jọ́ náà, mo sì ń bínú, òun wá lọ tẹ̀ba sí ìdí òkúta, òun ń bá mi tú u. Ó ní, "O pariwo mọ́ ọn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo tú òwú náà tán, mo padà wá jókòó."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ nígbà tí Àwáwù kú. Ó ní, "Kí n sọ kí ni fún ọ, lójú oórì?" Mo ní kí ló wá dé tí kò gba abẹ́rẹ́ nígbà tó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó wú ikọ́ títí. Ó ní, "Tí mo bá dìde lọ gbà á lójú rẹ, ìwọ náà á mọ̀ pé mo mọ̀. Mo ní kí n fún ọ ní ọjọ́ díẹ̀ kí o fẹnu ara rẹ sọ ọ́, ká jọ lọ gbà á. O pẹ́ jù, Ládòkun."

Àdìjátù bú sẹ́kún lẹ́yìn aṣọ ìkélé. N ò mọ bí mo ṣe dìde.

Gbogbo èyí ni mo sọ fún Waheedat báyìí. Ó kọ ọ́ dé ibi ìdí òkúta, ó dá kálámù dúró. Ó ní, "Bàbá, láti ibi tí ẹ jókòó sí dé ìdí òkúta, ìṣísẹ̀ mélòó ni?"

Mo ní ó tó ogún.

Ó ní, "Láti ibi tí ẹ jókòó sí dé ibi tí Màmá ti ń ká òwú ńkọ́?"

Ó mọ àgbàlá náà, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ìṣísẹ̀ mẹ́fà ni, ògiri tó wà láàárín kò ga dé ọrùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí mo lé Oníkúlà lọ, Àwáwù gbé oúnjẹ jáde wá bá mi ní ìdí òfì. Ó gbé e kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́."